Bí a ṣe ń sọ gáréèjì ilé di ṣọ́ọ̀bù àti ibi ìgbafẹ́

Nínú ọ̀pọ̀ ilé tó ti pẹ́ ní Bódìjà Àtijọ́, ní Ìbàdàn, yàrá kan máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé tí wọ́n kọ́ fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan ṣoṣo. Lóde òní, ọkọ̀ kì í sábà sùn níbẹ̀ mọ́. Táyà tó ti gbó, àjákù páànù, àpótí ìwé àtijọ́ àti fìríìjì tó ti kú ló ń gbé ibẹ̀. Irú rẹ̀ ni tèmi. Olùkọ́ ni mí, mo sì máa ń fi pákó ṣe àga àti tábìlì lẹ́yìn iṣẹ́. Àwọn ọ̀rẹ́ mi máa ń wá ta ayò lọ́jọ́ Sátidé. Ọdún méjì ni mo fi sọ yàrá náà di ibi tí nǹkan méjèèjì ti lè wáyé. Oṣù mẹ́jọ nínú rẹ̀ ló jẹ́ títún ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ṣe, torí pé ohun tí ojú ń rí ni mo fi ṣáájú. Mo lẹ táìlì, mo kun ọ̀dà, mo ra àga, kí n tó béèrè ibi tí omi ń gbà wọlé àti ibi tí ooru ń gbà jáde.

Nítorí náà ni mo ṣe to ìtọ́sọ́nà yìí báyìí: omi ló ṣáájú, ooru tẹ̀lé e, iná mànàmáná tẹ̀lé ooru, lẹ́yìn náà ni ilẹ̀kùn àti ọ̀dà, kí tábìlì àti àga tó dé. Àwọ̀ ọ̀dà wà lọ́wọ́ yín. Ètò yìí ni mo bẹ̀ yín pé kí ẹ má yí padà.

Ẹ kọ́kọ́ jókòó síbẹ̀

Ẹ kó gbogbo ẹrù inú rẹ̀ síta, ẹ gbá a, kí ẹ gbé àga kan ṣoṣo wọlé. Ẹ jókòó síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta: ní ọ̀sán gangan, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, àti nígbà tí òjò ńlá bá ń rọ̀. Ẹ mú ìwé àti bírò dání. Lọ́sàn-án, ẹ fọwọ́ kan ògiri kọ̀ọ̀kan kí ẹ mọ èyí tó gbóná jù. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ wo ibi tí oòrùn ti ń wọ̀ yín lójú. Bí òjò bá ń rọ̀, ẹ wo ilẹ̀, ẹ wo ibi tí ògiri ti pàdé òrùlé, kí ẹ sì gbé agbòjò jáde lọ wo ibi tí omi orí páànù ń dà sí. Bó bá jẹ́ inú ọyẹ́ lẹ wà, ẹ fa rọ́bà omi, kí ẹ máa rọ omi sórí páànù fún bí ìdajì wákàtí kí ẹnì kan sì dúró sínú yàrá máa wòkè.

Lẹ́yìn náà ni wíwọ̀n. Tèmi fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 11, ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 19, gíga rẹ̀ sì tó ẹsẹ̀ bàtà 9 àti ààbọ̀. Ẹ fi ẹfun ya ohun gbogbo sílẹ̀ bó ṣe máa tóbi gẹ́lẹ́: tábìlì iṣẹ́, àga, ibi tí ilẹ̀kùn máa ṣí dé. Kí ẹ wá gbé igi gígùn kan lọ́wọ́, kí ẹ yí i po nínú àwọn ìlà yẹn. Pákó tó ń ti ọjà pákó Bódìjà wá sábà máa ń gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 12. Bí kò bá ṣeé yí nínú yàrá, ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ láti ìsinsìnyí pé iwájú ẹnu ọ̀nà lẹ ó ti máa gé e.

Bó bá jẹ́ ayálégbé ni yín, ẹ gba àṣẹ onílé ní kíkọ sílẹ̀, kódà bó bá jẹ́ pé ẹ jọ ń jẹun. Bí ẹ bá fẹ́ wó ògiri tàbí fi búlọ́ọ̀kù dí ẹnu ọ̀nà ọkọ̀, ẹ kọ́kọ́ dé ọ́fíìsì ètò ìlú ní agbègbè yín. Ní Èkó, LASPPPA ni àjọ tó ń fúnni ní ìwé àṣẹ. Kí ẹ sì bá ará ilé kejì sọ̀rọ̀ nípa ariwo kí ẹ̀rọ tó dé. Èmi àti aládùúgbò mi fẹnu kò pé n kò ní tan ẹ̀rọ ayùn lẹ́yìn aago méje alẹ́, kò sì sí ìjà kankan láàárín wa láti ìgbà yẹn.

Omi

Ọ̀nà mẹ́ta ni omi ń gbà wọ gáréèjì: láti òkè, láti iwájú, àti láti abẹ́ ilẹ̀. Tòkè ló rọrùn jù. Rọ́bà kékeré tó wà lábẹ́ orí ìṣó páànù ni oòrùn máa ń jẹ. Bó bá ti gbó, omi á máa tẹ̀lé ara ìṣó wọlé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yọ ìṣó náà, kí wọ́n fi èyí tó nípọn díẹ̀ tó ní rọ́bà tuntun rọ́pò rẹ̀. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni da ọ̀dà dúdú tí wọ́n ń da sójú títì lé e. Á dá omi dúró fún òjò kan, ẹ̀ẹ̀rùn tó bá tẹ̀lé e á sì là á.

Tiwájú ló fìyà jẹ mí. Torí pé ọkọ̀ gbọ́dọ̀ gun ilẹ̀ gáréèjì láìfò, ilẹ̀ inú àti ilẹ̀ ìta fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Omi àgbàlá kò mọ̀ pé yàrá ni. Ohun tó tán ìṣòro náà ni gọ́tà tóóró kan tí mo ní kí bíríkìlà gbẹ́ ní ìbú ẹnu ọ̀nà láti òpó dé òpó, ínǹṣì 6 ní fífẹ̀, tí wẹ́dà sì fi irin tó dà bí àkàbà bo orí rẹ̀. Ó da omi lọ sínú gọ́tà ẹ̀gbẹ́ ilé. A tún ilẹ̀ iwájú tẹ́ kí ó lè dagun kúrò lẹ́nu ọ̀nà: ínǹṣì 1 ní gbogbo ẹsẹ̀ bàtà 4. Ẹ da korobá omi kan síbẹ̀ kí sìmẹ́ńtì tó gbẹ pátápátá, kí ẹ fojú ara yín rí ibi tó ń ṣàn sí.

Ti abẹ́ ilẹ̀ ni kì í jẹ́ kéèyàn fura. Ẹ gé náílọ́ọ̀nù tó mọ́ gaara, ẹsẹ̀ bàtà 3 ní ìbú àti òró. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, ẹ fi tépù lẹ gbogbo etí rẹ̀ mọ́ ilẹ̀ kí atẹ́gùn má wọlé, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Bí ẹ bá ká a tí ẹ rí ìrì lábẹ́ rẹ̀, tàbí ilẹ̀ ibẹ̀ dúdú ju ti àyíká lọ, ọ̀rinrin ń gòkè wá nìyẹn. N kò ṣe ìdánwò yìí. Inú oṣù kejì ni mo lẹ táìlì, ó dán bí omi. Nígbà tó fi máa di oṣù keje, táìlì mọ́kànlá ti gbéra kúrò nílẹ̀, pákó àfárá tí mo tò sára ògiri sì ti hu funfun láti ìsàlẹ̀. Oníṣẹ́ tó lẹ̀ ẹ́ kò ṣẹ̀. Èmi ni mo ní kó máa lẹ̀ ẹ́.

Bí ọ̀rinrin bá wà, ohun tí ẹ ó ṣe nìyí. Ẹ fọ òróró ọkọ̀ kúrò nílẹ̀: ẹ da ìyẹ̀fun pákó lé èyí tó ṣì tutù kó lè fà á mu, kí ẹ fi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì líle fọ ìyókù. Ẹ ra náílọ́ọ̀nù dúdú tó nípọn tí àwọn bíríkìlà ń tẹ́ sábẹ́ ilẹ̀ ilé, ẹ tẹ́ ẹ káàkiri. Níbi tí ewé méjì bá ti pàdé, kí ọ̀kan gun èkejì ní ẹsẹ̀ bàtà 1. Létí ògiri, kí ó ká sókè ní ínǹṣì 4. Wáyà onígun mẹ́rin tí wọ́n ń pè ní BRC ló máa tẹ̀lé e, kí kọnkéré ínǹṣì 3 tó bò ó: sìmẹ́ńtì òṣùwọ̀n 1, yanrìn 2, òkúta wẹ́wẹ́ 4. Yanrìn tó le, tó ń họ ọwọ́, ni kí ẹ lò. Kíkúnná tí wọ́n fi ń rẹ́ ògiri kò dára fún un. Fún ìwọ̀n yàrá tèmi, àpò sìmẹ́ńtì 10 sí 11 ló máa gbà. Ẹ máa fi omi rin ín fún ọjọ́ 7, kí ẹ má sì gbé ohun wíwúwo lé e kó tó pé ọjọ́ 28. Ínǹṣì 3 yẹn ló tún gbé ilẹ̀ inú ga ju ìta lọ, ó sì dọ́gba ìdagun tí wọ́n fi sílẹ̀ nítorí ọkọ̀. Wẹ́dà á kàn gé ìsàlẹ̀ géètì díẹ̀ kí ó lè ṣí.

Ooru

Ìbàdàn kò jìnnà sí ìlà tó la àárín ayé kọjá. Ní apá púpọ̀ nínú ọdún, oòrùn ọ̀sán fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró sí agbárí wa gan-an. Òrùlé ló ń gbóná jù nígbà náà, ògiri ìwọ̀ oòrùn tẹ̀lé e lẹ́yìn aago mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ gáréèjì ni kò ní àjà rárá, páànù ló ń wo orí ẹni tààrà. Èyí ni owó yín gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ sí, kí ẹ tó ronú kan AC.

Ṣùgbọ́n ẹ dúró ná. Bí òrùlé tàbí àjà yín bá jẹ́ ewé eérú líle tó dà bí sìmẹ́ńtì, tí ilé náà sì ti pẹ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ asbestos. Eruku rẹ̀ ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, ọdún púpọ̀ sì lè kọjá kí àìsàn náà tó yọjú. Ẹ má fi dírìlì lu ú, ẹ má fi ayùn gé e, ẹ má fọ́ ọ, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé bá yín kó o. Bó bá ṣì dúró dáadáa, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí ẹ kun ọ̀dà bò ó. Bó bá ti ń ya, ẹni tó mọ iṣẹ́ náà ni kí ẹ pè, kó fi omi rin ín, kó sì tú u ní odidi. Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára gidigidi, torí mo ti rí àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi òòlù fọ́ ọ láìbo imú.

Lórí páànù lásán, ẹ ta ewé fàdákà tó ń dán sábẹ́ igi òrùlé, kí àyè bí ínǹṣì 1 ó kéré tán wà láàárín òun àti páànù. Láìsí àyè yẹn, dídán rẹ̀ kò wúlò púpọ̀. Àjà á wá wà lábẹ́ rẹ̀. Mo fẹ́ràn àjà pákó tẹ́ẹ́rẹ́ ju PVC lọ níbi tí ẹ̀rọ àti iná bá wà, torí PVC a máa rọ̀, a sì máa yọ́. Ẹ kun orí páànù ní funfun bí agbára bá gbé e.

Lẹ́yìn náà ẹ jẹ́ kí ooru rí ọ̀nà jáde. Atẹ́gùn gbígbóná ń lọ sókè, nítorí náà òkè ni ihò rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà. Ní ògiri ẹ̀yìn, ní abẹ́ àjà gan-an, a yọ ìlà búlọ́ọ̀kù kan, a fi búlọ́ọ̀kù oníhò rọ́pò rẹ̀, a sì na nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn sí i nínú. Atẹ́gùn ń ti ẹnu ọ̀nà wọlé nísàlẹ̀, ó ń gba ibẹ̀ jáde. Ìyàtọ̀ tí ìlà ihò kan ṣoṣo yẹn ṣe ju ti fáànù méjèèjì tí mo ti ń tan tẹ́lẹ̀ lọ. Fún fèrèsé, ẹ rántí pé èyí tó ń yọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kì í ṣí ju ìdajì lọ. Lúfà ń ṣí tán, èyí tó ń ṣí síta bí ilẹ̀kùn náà ń ṣí tán. Lúfà ni mo yàn, mo sì fara mọ́ eruku ọyẹ́ tó ń gbà á wọlé. Bí ẹ bá fi irin ààbò sí fèrèsé, kí ọ̀kan ṣeé ṣí láti inú, kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà níbi tí ọwọ́ á tètè tó o bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀.

Iná mànàmáná

Ẹ má ṣe fa wáyà láti sọ́kẹ́ẹ̀tì pálọ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀rọ ayùn tó ń lo 1,500 watt ń fa nǹkan bí ampere 6 àti ààbọ̀ lórí iná 230 volt wa, bó bá sì ń bẹ̀rẹ̀ ó ń fà ju bẹ́ẹ̀ lọ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Kí oníná fa wáyà tirẹ̀ láti àpótí bíréékà ilé, 6 mm², lọ sínú àpótí kékeré kan nínú ṣọ́ọ̀bù. Láti ibẹ̀, wáyà 2.5 mm² pẹ̀lú bíréékà 20 ampere ló ń lọ sí sọ́kẹ́ẹ̀tì, 1.5 mm² pẹ̀lú bíréékà 10 ampere sì ń lọ sí gílóòbù. Ẹ jẹ́ kí ti gílóòbù dá wà. Bí ẹ̀rọ bá já bíréékà rẹ̀ nígbà tí abẹ ayùn ṣì ń yí, ẹ kò gbọ́dọ̀ wà nínú òkùnkùn.

Ohun méjì tí àwọn kan máa ń fò ni ọ̀pá tó ń gbé iná tó ṣìnà wọ inú ilẹ̀, èyí tí àwọn oníná ń pè ní earth, àti bíréékà 30 mA tó ń gé iná bó bá ti fẹ́ gba ara èèyàn kọjá. Ilẹ̀ kọnkéré, òógùn lára, ẹ̀rọ onírin lọ́wọ́: ẹ má fò wọ́n. Wáyà tí wọ́n ṣe nílẹ̀ wa ni mo máa ń rà, mo sì máa ń bó orí rẹ̀ wò kí n tó sanwó, kí n rí i pé bàbà ni látòkè délẹ̀.

Ẹ gbé sọ́kẹ́ẹ̀tì sókè, ínǹṣì 4 sí orí tábìlì iṣẹ́, kí ìyẹ̀fun pákó má kún inú rẹ̀, kí wáyà má sì máa fẹsẹ̀ kọ́ni. Mẹ́fà kò pọ̀ jù. Iná funfun gígùn méjì ni kí ó wà lókè tábìlì iṣẹ́, kí ó sún síwájú díẹ̀. Bó bá wà lẹ́yìn yín, òjìji ara yín ni yóò máa bo ìlà tí ẹ fẹ́ gé. Níbi ìjókòó, ẹ fi gílóòbù tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pọ́n díẹ̀ sí i, pẹ̀lú súwíìṣì tirẹ̀. Fáànù àjà: kí apá rẹ̀ ga ju ẹsẹ̀ bàtà 7 lọ sílẹ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ní gbé pákó gígùn dúró sí.

Ìnífátà lè gbé gílóòbù, fáànù, rédíò àti dírìlì kékeré. Ẹ má fi ẹ̀rọ ìfági lé e lórí àyàfi bó bá tóbi gidi. Jẹnẹrétọ̀ sì gbọ́dọ̀ wà níta, ó kéré tán ẹsẹ̀ bàtà 20 sí ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Kò sí ẹ̀rí ọkàn tó lè gbà kí a gbé e sínú gáréèjì torí òjò, kódà kí ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Gáàsì olóró inú èéfín rẹ̀ kò ní òórùn tirẹ̀, kò ní àwọ̀, oorun ló ń fi pa èèyàn.

Ilẹ̀kùn àti ògiri

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fi búlọ́ọ̀kù dí ẹnu ọ̀nà ọkọ̀, kí wọ́n fi ilẹ̀kùn kékeré kan sí i. Èmi kò fara mọ́ ọn. Ẹnu ọ̀nà yẹn ni ìmọ́lẹ̀, òun ni atẹ́gùn, òun ni tábìlì tí ẹ bá kàn tán máa gbà jáde. Bí ẹni tó máa ra ilé náà lọ́la bá sì fẹ́ gbé ọkọ̀ síbẹ̀, á rí àyè. Ohun tí mo ṣe ni pé mo fi géètì onírin sílẹ̀ fún òru, mo wá ṣe ilẹ̀kùn férémù pákó mẹ́rin tó ń ká pọ̀ sínú, tí nẹ́ẹ̀tì bò láti òkè dé ìsàlẹ̀. Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, géètì á ṣí sílẹ̀ gbayawu, nẹ́ẹ̀tì á wà ní títì, ẹ̀fọn á máa kùn níta.

Ní ti ògiri, kò lọ́rọ̀ púpọ̀. Ẹ gé rírẹ́ tó ti ń wú kúrò, ẹ tún un rẹ́, ẹ dúró kó gbẹ fún oṣù kan, kí ẹ kun ọ̀dà funfun tó ṣeé fi omi nù. Àwọ̀ dúdú máa ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì. Mo fi àwọ̀ ewé kun ògiri ibi ìjókòó nìkan, kí ojú lè mọ̀ pé ó ti kúrò níbi iṣẹ́. Ilẹ̀: mo fi kọnkéré dídán sílẹ̀ ní apá iṣẹ́, torí àwo ẹ̀rọ tó bá já bọ́ á fọ́ táìlì, mo lẹ táìlì tí kò yọ̀ sí apá ìjókòó.

Tábìlì iṣẹ́

Ẹ dúró ṣánṣán, ẹ jẹ́ kí ọwọ́ rọ̀ sílẹ̀. Ibi tí ọrùn ọwọ́ yín dé ni gíga tábìlì tó bá ara yín mu, tí yóò sábà wà láàárín ínǹṣì 32 sí 36. Èyí tó kúrú jù á fọ́ yín lẹ́yìn, èyí tó ga jù kò ní jẹ́ kí ẹ lè fi ara ti ìfági. Ojú rẹ̀ kí ó nípọn tó ínǹṣì 2 àti ààbọ̀. Tèmi fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 2, ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 7.

Àpá tàbí ìrókò ni mo gbà yín níyànjú fún ẹsẹ̀ rẹ̀, torí ikán kì í fẹ́ràn wọn. Àrère rọrùn láti gé, owó rẹ̀ kò wọ́n, ṣùgbọ́n kòkòrò ń jẹ ẹ́ bí ẹni ń jẹ àkàrà. Ẹ fi ṣe inú àpótí fífà. Bí ẹ bá dé ọjà pákó, ẹ fi ojú kan wo ìdí pákó bí ẹni tó fẹ́ yìnbọn, kí ẹ rí bóyá ó wọ́. Ẹ gbé méjì tó tóbi bákan náà wò: èyí tó wúwo jù níbẹ̀ ló ṣì lómi nínú jù. Pákó tútù tí ẹ bá kàn pọ̀ lónìí á fa ara rẹ̀ ya nígbà ọyẹ́. Àwọn àgbà káfíńtà máa ń ní sùúrù bí ọdún kan fún ínǹṣì kan. Ẹni tí kò bá lè dúró tó bẹ́ẹ̀, kí ó tò ó sí abẹ́ òrùlé pẹ̀lú igi wẹ́wẹ́ láàárín wọn fún oṣù mélòó kan, kí ó ra ti tábìlì iṣẹ́ ní kété tí iṣẹ́ ilẹ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀.

Lókè tábìlì, ẹ kan páálí pákó ńlá kan mọ́ ògiri, kí ẹ fi ìṣó gbé irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan kọ́, kí ẹ sì fi bírò ya àwòrán rẹ̀ yíká. Àyè tó bá ṣófo á fúnra rẹ̀ sọ ohun tó sọnù.

Eruku àti àlejò

Ibí yìí ni ṣọ́ọ̀bù àti ibi ìgbafẹ́ ti máa ń jà. Eruku pákó líle wà lára ohun tó ń fa jẹjẹrẹ imú, ti ìrókò sì máa ń mú kí àyà ẹlòmíì há, kí ara rẹ̀ máa yún un. Àlejò kò gbọ́dọ̀ mí i. Mo pín yàrá náà sí méjì: ẹsẹ̀ bàtà 11 lẹ́yìn fún iṣẹ́, 8 níwájú fún ìjókòó. Táápólì tó wúwo ló wà láàárín wọn, ó ń rìn lórí ọ̀pá irin lábẹ́ àjà, ó sì balẹ̀. Fáànù ògiri kan wà lẹ́yìn tó kọjú síta, tó ń fa eruku lọ.

Sáńpépà ni eruku rẹ̀ burú jù, ìta ni mo ti ń ṣe é, lábẹ́ igi máńgòrò. Ìbòmú tó le mọ́ ojú ni kí ẹ lò, aṣọ lásán kò dá eruku kíkúnná dúró. Ẹ fi ìyẹ̀fun pákó tí ẹ ti bu omi wọ́n díẹ̀ gbá ilẹ̀; ó ń kó eruku mọ́ra dípò kó gbé e dìde. Bí àlejò bá ń bọ̀ ní aago márùn-ún, mo máa ń pa ẹ̀rọ ní aago mẹ́ta, torí eruku tí ojú kò rí ṣì máa ń fò lófuurufú fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́.

Ewu iná tó ń jó náà wà níbẹ̀. Ẹ gbé apaná onílẹ́búlẹ́bú kílò 6 kọ́ sẹ́bàá ẹnu ọ̀nà. Inú lọ́hùn-ún kọ́ ni ibi tirẹ̀, kí ẹ má bàa la iná kọjá lọ mú un. Tínà àti ọ̀dà kí ó wà nínú àpótí irin níta. Àkísà tí ẹ fi nu òróró linseed sí ara pákó, ẹ má ṣe ká a jọ sínú garawa: ó lè mú ara rẹ̀ gbóná títí yóò fi gbiná láìsí ìṣáná. Ẹ sá a sórí okùn níta ní ewé kọ̀ọ̀kan, tàbí kí ẹ rì í sínú omi.

Ibi ìjókòó

Ní ti àga, ẹ má ra àga pálọ̀. Mo kan bẹ́ǹṣì mọ́ ògiri méjì ní ìgun, gíga ínǹṣì 17, ideri rẹ̀ ń ṣí, abẹ́ rẹ̀ ni mo ń kó tìmùtìmù sí bí iṣẹ́ bá ń lọ lọ́wọ́ kí eruku má ba à jẹ́. Tábìlì àárín ní táyà kéékèèké lẹ́sẹ̀, ó ń yí lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí pákó gígùn bá ń wọlé. Ojú rẹ̀ ni mo gbẹ́ ọpọ́n ayò sí, ihò méjìlá, ọmọ ayò 48 nínú àpótí fífà abẹ́ rẹ̀. Bẹ́sìnnì kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn tí pọ́ńbà so mọ́ páípù omi ẹ̀yìn ilé; ẹni tó bá ti fọwọ́ kan àtè pákó kò gbọ́dọ̀ gba inú ilé kọjá lọ fọwọ́.

Nípa owó, ẹ sanwó oníṣẹ́ ní ìpele, kí èyí tó kẹ́yìn dúró di ìgbà tí ẹ bá ti dán iṣẹ́ náà wò: ti onípáànù lẹ́yìn òjò, ti oníná lẹ́yìn tí ẹ̀rọ tó tóbi jù bá ti ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan tí ẹnikẹ́ni kò rí wáyà tó gbóná. Ẹ fúnra yín ra sìmẹ́ńtì àti wáyà.

Lọ́dọọdún, ní ìparí oṣù kẹta kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, mo máa ń ṣí irin orí gọ́tà ẹnu ọ̀nà, kí n kó ewé àti yanrìn inú rẹ̀ kúrò, kí n gun òrùlé lọ wo rọ́bà ìṣó, kí n tún fọ nẹ́ẹ̀tì búlọ́ọ̀kù oníhò tí eruku ọyẹ́ ti dí. Òwúrọ̀ Sátidé kan ló ń gbà. Bí mo bá ti dá irin náà padà, màá da korobá omi kan sílẹ̀ níwájú géètì, kí n sì dúró wò ó títí yóò fi ṣàn lọ.